Rédíò Orí Sátẹ́láìtì: Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ Rẹ̀, Ẹ Bèèrè Ẹni Tí Yóò Sọ̀rọ̀ Nínú Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kà á dópin yóò rí i pé ọ̀rọ̀ owó ni.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kò yé bi mí, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ mọ gbogbo ohun tí ó bá ti ní wáyà nínú. Wọ́n á ní, "Tíṣà, bọ́tìnnì wo ni èyí tí wọ́n kọ SAT sí lára rédíò ọkọ̀ mi?" Ti ẹlòmíràn, XM ni wọ́n kọ sí i, ti ẹlòmíràn, SIRIUS. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá ni ọkọ̀ gbogbo wọn. Bí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì náà, ojú rédíò á tàn, á kọ ọ́ pé òun ń wá ohùn, á sì máa wá a láti Ìbàdàn títí dé Abẹ́òkúta, kò ní rí nǹkan kan.

Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà mọ, n kì bá tí yọ kálámù. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti sọ bọ́tìnnì yìí di oko tí wọ́n ń kórè. Àwọn kan ń fi í bu owó lé ọkọ̀, wọ́n ń ní, "Ẹ wò ó, ó ní sátẹ́láìtì nínú." Àwọn mìíràn ń gba owó pé àwọn yóò bá ènìyàn ṣí i. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ rédíò sátẹ́láìtì àlòkù, tí wọ́n nù tí ó ń dán, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tí ó bá rà á yóò máa gbọ́ gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe rò ó pé ó yẹ kí a jókòó, kí a sọ bí rédíò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kí a sì sọ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ wò kí ó tó tú owó ní ìṣẹ́tí aṣọ.

ÀPÓTÍ ARA ÒGIRI

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọdún 1935 ni àpótí Rediffusion dé sí ìlú Èkó. Wáyà ni ó ń gbé ohùn wá láti ilé-iṣẹ́ títí dé ara ògiri ilé àwọn tí ó bá lè san owó rẹ̀. Ohun tí àwọn tí ó wà ní ìdí wáyà bá fẹ́ kí ẹ gbọ́, òun náà ni ẹ ó gbọ́. Ẹ kò lè yí i sí ibòmíràn, ẹ kò sì lè fèsì. Àwọn bàbá wa wò ó títí, wọ́n sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí owó oṣù kò bá wọlé, tàbí tí wáyà bá já, àpótí náà di pákó lásán, aáyán á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yé ẹyin sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni rédíò oníbátìrì wá di ohun tí gbogbo ènìyàn lè rà. Èyí yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ti ra rédíò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún un. Ó lè yí i sí Ìbàdàn láàárọ̀, kí ó yí i sí Èkó lọ́sàn-án, kí ó sì yí i sí Lọ́ńdọ̀nù lálẹ́. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá kógbá wọlé, mìíràn wà.

Ẹ fi ẹ̀rọ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí orí wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Rédíò tí ó wà nídìí bọ́tìnnì SAT yẹn, bí ó tilẹ̀ ń gba òkè ọ̀run, ọmọ Rediffusion ni. Kì í ṣe ọmọ rédíò oníbátìrì. Wáyà ṣì wà nídìí rẹ̀. Ojú ni kò rí wáyà náà mọ́.

BÍ OHÙN ṢE Ń GBA ÒKÈ

Ìgbì rédíò FM, tí ó wà láàárín 87.5 àti 108 mẹgahẹ́ẹ̀tísì, ọ̀nà tààrà ni ó máa ń tọ̀. Bí òkè bá dí i, ó di i náà nìyẹn. Ayé pàápàá rí roboto, ó sì máa ń tẹ̀ wálẹ̀ kúrò lábẹ́ ìgbì náà bí ọ̀nà bá ti ń jìn. Ìdí nìyẹn tí ohùn ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn fi máa ń gbó bí ọkọ̀ bá ti ń kọjá Ọ̀yọ́ lọ sí apá Ògbómọ̀ṣọ́. Ìgbì kúkúrú tí à ń pè ní Shortwave a máa lu òkè ojú sánmà, a sì tún padà wálẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Òun ni àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ti gbọ́ ọ rí mọ bí ohùn náà ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀, bí ẹni pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà wà nínú ìkòkò.

Ọ̀nà kẹta ni kí a rí òpó kan tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí òkè kankan kò fi lè dí i. Ní ọdún 1945, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Arthur C. Clarke kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Wireless World pé òpó bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe, kò sì ní fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ó ní bí a bá ju ohun kan sókè dé nǹkan bí 36,000 kìlómítà lórí ìlà agbedeméjì ayé, tí ó ń yí ayé ká, yóò gbà á ní ìwọ̀n àkókò kan náà tí ayé fúnra rẹ̀ fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Lójú àwa tí a wà nílẹ̀, yóò dà bí ẹni pé ó dúró gbagidi sójú kan.

Ní kíláàsì, ọmọ méjì ni mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Èmi a ní kí èkíní dúró láàárín, kí ó máa yí lójú kan. Èmi a ní kí ìkejì di etí okùn mú, kí ó máa sáré yí i ká. Bí àwọn méjèèjì bá yí lẹ́ẹ̀kan náà ní àkókò kan náà, ojú wọn kò ní kúrò lára wọn. Àwọn tí ó jókòó rí i pé ẹni tí ó wà níta ń làágùn. Ní ti ẹni tí ó wà láàárín, ẹnìkejì rẹ̀ kò kúrò níwájú rẹ̀ rárá. Sátẹ́láìtì ni ọmọ tí ń làágùn yẹn. Bí a bá ní ọ̀nà Èkó sí Kánò tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà, a jẹ́ pé ibi tí sátẹ́láìtì náà wà jìnnà sí wa ní nǹkan bí ìlọ́po 36 ọ̀nà Kánò.

Orílẹ̀-èdè wa kò sì jẹ́ àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Olórí ìjọba wa, Alhaji Abubakar Tafawa Balewa, wà nínú ọkọ̀ ojú omi Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Kingsport ní èbúté Èkó, ó sì bá Ààrẹ Kennedy sọ̀rọ̀ ní Washington. Sátẹ́láìtì Syncom 2 ni ó gbé ohùn wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí olórí ìjọba méjì yóò bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní tààrà láti orí sátẹ́láìtì. Ṣé ẹ wá rí i pé Èkó ti bá òkè ọ̀run sọ̀rọ̀ tipẹ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ dájú: sátẹ́láìtì kì í ṣe ilé-iṣẹ́ rédíò. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó sínú rẹ̀ ka ìròyìn. Alágbàsọ ni. Ẹ̀yin ẹ wo bí ọba ṣe ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láàfin, tí ẹni tí ó dúró tì í á sì gbé e síta fún gbogbo agboolé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ilé-iṣẹ́ kan nílẹ̀ yóò ta ohùn sókè. Sátẹ́láìtì yóò gbọ́ ọ, yóò yí i sórí ìgbì mìíràn kí ìlọ àti àbọ̀ má baà kọlu ara wọn, yóò fi agbára tí ó rí lára oòrùn gbé e ga, yóò sì tan án padà sílẹ̀. Ìlọ àti àbọ̀ náà kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá lọ, nítorí ìgbì rédíò ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọba bá dákẹ́, alágbàsọ náà yóò dákẹ́.

Ìtànná rẹ̀ kò sì dé gbogbo ayé. Bí ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì kọ́ òrùlé pálọ̀, ẹni tí ó jókòó lórí ẹní lábẹ́ rẹ̀ yóò ríran kàwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nínú yàrá kejì wà nínú òkùnkùn. Àwọn tí ó ṣe sátẹ́láìtì ni ó ń yan orí ẹní tí wọn yóò tan iná wọn sí.

Èyí tí ó kù ni ti kọ́kọ́rọ́. Kí ohùn náà tó gòkè, wọ́n ti sọ ọ́ di nọ́ńbà, wọ́n ti fún nọ́ńbà náà pọ̀ kí ó má gba àyè púpọ̀, wọ́n sì ti dì í ní ìdì tí ẹ̀rọ tí kò ní kọ́kọ́rọ́ kò lè tú. Olúkúlùkù ẹ̀rọ ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ bá ti san owó oṣù, ilé-iṣẹ́ náà yóò ránṣẹ́ láti òkè sí nọ́ńbà yẹn pé kí ó ṣílẹ̀kùn. Bí owó bá tán, wọ́n á tún ránṣẹ́ pé kí ó tì í.

ILÉ-IṢẸ́ MÉJÌ, ÌTÀN MÉJÌ

Ọmọ Áfíríkà kan tí wọ́n bí ní Etiópíà, Noah Samara, ni ó dá ilé-iṣẹ́ WorldSpace sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1990. Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ dára púpọ̀: ó fẹ́ kí ìròyìn àti ẹ̀kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn tí òpó FM kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1998 ni wọ́n ta sátẹ́láìtì AfriStar sókè láti Kourou ní ilẹ̀ Guiana ti Faransé. Ó dúró sórí Áfíríkà, iná rẹ̀ sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní 1999 ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, àwọn ilé-iṣẹ́ Japan bíi Hitachi, JVC, Panasonic àti Sanyo sì ṣe ẹ̀rọ tí yóò gbà á. Èyí tí ó jẹ́ ti Éṣíà, AsiaStar, gòkè ní ọdún 2000. Ẹ̀rọ náà kéré, ẹ́ríà rẹ̀ kò ju ìwé pẹlẹbẹ kan lọ, ohùn rẹ̀ sì mọ́ gaara.

Ṣùgbọ́n owó ẹ̀rọ náà ga ju ti rédíò lásán lọ, àwọn tí wọ́n sì gbé e kalẹ̀ láti ràn lọ́wọ́ gan-an ni agbára wọn kò ká a. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti púpọ̀ nínú àwọn ìkànnì rẹ̀ mọ́ ẹni tí kò bá sanwó. Íńdíà ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ń sanwó wà, kì í ṣe Áfíríkà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹwàá ọdún 2008, gbèsè ti mù ún dé ọrùn, ó sì lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láti kéde pé òun kò lè san án. Ní ìparí ọdún 2009, ohùn rẹ̀ dákẹ́ ní Íńdíà. Gbogbo àwọn ẹ̀rọ dáradára wọ̀nyẹn di àpótí tí wáyà rẹ̀ ti já. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ nínú wọn; bátìrì wọn lè dára, iná ojú wọn lè tàn. Ọba ni kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ilé-iṣẹ́ kejì ni ti Amẹ́ríkà. XM bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, Sirius tẹ̀ lé e ní 2002. Àwọn méjèèjì bá ara wọn jà títí gbèsè fi fẹ́ pa wọ́n, ni wọ́n bá para pọ̀ di ọ̀kan, SiriusXM, ní oṣù keje ọdún 2008. Wọ́n yè é. Ohun tí ó gbà wọ́n là ni pé wọ́n bá àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ ṣe àdéhùn, kí wọ́n máa kan rédíò náà mọ́ ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́. Ó sì wúlò fún wọn lọ́hùn-ún, nítorí ènìyàn lè fi odidi ọjọ́ kan wakọ̀ ní Amẹ́ríkà láti ìlú dé ìlú kí FM máa kú lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìkànnì kan náà lórí sátẹ́láìtì yóò bá a dé ibi tí ó ń lọ. Níbi tí ilé gogoro bá ti dí ojú ọ̀run, wọ́n gbé òpó kéékèèké sílẹ̀ láti ran sátẹ́láìtì lọ́wọ́.

Bí bọ́tìnnì SAT ṣe dé Ìbàdàn nìyẹn. Ọkọ̀ ni ó gbé e wá. Sátẹ́láìtì kò bá a wá.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi lè ṣiṣẹ́ níhìn-ín, kí ẹnikẹ́ni má baà tàn yín mọ́. Àwọn sátẹ́láìtì tí XM fi ń sọ̀rọ̀ dúró sí orí ìwọ̀n 85 àti 115 ní apá ìwọ̀-oòrùn. Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 4 ní apá ìlà-oòrùn. Ayé roboto ti dí àárín wa. Bí ẹ bá gun orí òkè Màpó, tí ẹ sì na ẹ́ríà tí ó gùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ, àwọn sátẹ́láìtì náà ṣì wà nísàlẹ̀ ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí. Ìgbì wọn, tí ó wà láàárín 2320 àti 2345 mẹgahẹ́ẹ̀tísì, kì í gba inú ilẹ̀ kọjá. Kò sí oní-rìwáyà tí ó lè ṣí ìlẹ̀kùn tí ilé rẹ̀ wà ní ìdàkejì ayé.

OWÓ TÁÀMÙ KẸTA

Ìyá oníṣòwò aṣọ kan wà ní àdúgbò wa tí mo kọ́ méjì nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí yóò máa fi kó ẹrù lọ sọ́jà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin oní-rìwáyà kan lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ó ti gba owó lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan pé òun yóò ṣí rédíò yìí kí n lè máa gbọ́ ìwàásù láti òkè òkun. Ní báyìí, ó ní owó kejì ni yóò jẹ́ kí ó dún."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dá a lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, owó àkọ́kọ́ ni mo fi rẹjísítà rẹ̀. Owó kejì yìí ni ti káàdì."

Mo bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Mo ní sátẹ́láìtì wo ni? Ó ní ti òyìnbó ni. Mo ní apá ibo ní ojú ọ̀run ni ó wà? Ó na ọwọ́ sókè, ó yí i po. Mo ní ta ni Màmá yóò máa san owó oṣù fún? Ó dákẹ́.

Màmá wò ó títí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ń ta ọjà tí o kò mọ ẹni tí ó hun ún." Ó bá so owó náà padà sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún mi pé owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn òun fún táàmù kẹta ni. Owó àkọ́kọ́ kò padà wá títí di òní. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ìparí oṣù ni òun yóò mú un wá. Oṣù ti parí lọ́pọ̀ ìgbà.

N kò sọ ìtàn yìí láti fi bú àwọn oní-rìwáyà. Àwọn ni ó ń tún iná ọkọ̀ wa ṣe, púpọ̀ nínú wọn sì ń ṣe iṣẹ́ òótọ́. Mo sọ ọ́ kí a lè rí i pé ìbéèrè mẹ́ta péré ni ó gba owó ilé-ìwé ọmọ yẹn là. Abèèrè kì í ṣìnà.

OHUN TÍ Ẹ Ó BÈÈRÈ LỌ́WỌ́ ẸNI TÍ Ń TÀ Á

Èkíní, sátẹ́láìtì wo ni ẹ̀rọ yìí ń gbọ́, ṣé ó ṣì wà láàyè? Sátẹ́láìtì kì í wà títí ayé. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣe láti lo nǹkan bí ọdún 15. Òmíràn kì í tilẹ̀ dàgbà. NigComSat-1 tiwa gòkè láti ilẹ̀ Ṣáínà ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, iná sì tán nínú rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2008. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011 ni èyí tí ó rọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, tó gòkè.

Ìkejì, ṣé ìtànná rẹ̀ dé ìlú wa? Kí ẹni tí ń tà á má sọ pé ó dé Áfíríkà, Áfíríkà tóbi. Kí ó tan ẹ̀rọ náà níwájú yín, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ. Bí ó bá ní ìgbà tí ẹ bá délé ni yóò dún, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ìkẹta, ṣé ọ̀fẹ́ ni àbí títì ni? Bí ó bá jẹ́ títì, ta ni ó ni kọ́kọ́rọ́, èló ni lóṣù, ibo ni wọ́n ti ń san án? Bí àlòkù bá ni, ẹ bèèrè bóyá nọ́ńbà rẹ̀ kò sí lórúkọ ẹlòmíràn.

Ìkẹrin, irú ẹ́ríà wo ni ó ń lò? Ẹ̀rọ tí ń lo díìṣì nílò ibi tí igi tàbí ilé kò ti bo ojú ọ̀run ní apá tí sátẹ́láìtì náà wà. Ìgbì díìṣì kékeré, tí ó ju 10,000 mẹgahẹ́ẹ̀tísì lọ, kò fẹ́ràn òjò. Gbogbo ẹni tí ó ní tẹlifíṣọ̀n onídíìṣì ti rí i bí àwòrán ṣe ń já nígbà tí òjò bá ṣú.

Ìkarùn-ún, iná wo ni ó ń jẹ? Ẹ̀rọ ilé tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, 120 fóltì ni iná tiwọn. Tiwa tó 230. Bí ẹ bá kì í bọ ògiri láìwo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, èéfín ni ẹ ó rí. Ti ọkọ̀, 12 fóltì ni.

OHUN TÍ MO RÒ PÉ Ó TỌ́

Ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni à ń fi í ro imú. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston tàbí Atlanta, bí wọ́n bá ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn, SiriusXM lè wúlò fún wọn. Kí wọ́n bèèrè iye tí owó oṣù yóò jẹ́ lẹ́yìn tí ẹ̀dínwó ìbẹ̀rẹ̀ bá parí, kí wọ́n sì mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà jáwọ́ bí ó bá sú wọn.

Ní ti àwa tí a wà nílé, ẹni tí ó bá ti ní dikódà tẹlifíṣọ̀n nílé kí ó kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Àwọn dikódà mìíràn ní ìkànnì rédíò lẹ́yìn ti tẹlifíṣọ̀n, tí ẹni tí ó ni wọ́n kò sì tíì tẹ̀ rí. Rédíò sátẹ́láìtì nìyẹn náà, owó rẹ̀ sì ti wà nínú èyí tí ẹ ti san.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ohùn òkèèrè lè gbà á lórí fóònù. Ìkànnì tí ń lo 64 kìlóbíìtì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan yóò jẹ nǹkan bí 29 mẹ́gábáìtì ní wákàtí kan. Èyí tí ń lo 128 yóò jẹ ìlọ́po méjì rẹ̀. Kí olúkúlùkù fi wé iye tí ó ń ra dátà, yóò mọ̀ bóyá apá òun ká a. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn odi gan-an, ọ̀nà yìí ni ó rọrùn fún wọn jù láti gbọ́ èdè Yorùbá. BBC pàápàá, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní èdè wa ní oṣù kejì ọdún 2018, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni ó gbé e gbà, kò gbé e gba rédíò sátẹ́láìtì.

Ṣùgbọ́n fún ìròyìn ìlú, iye ọjà, ìkéde òkú àti ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, rédíò FM oníbátìrì ṣì ni ọ̀gá. Bí iná lọ, ó ń sọ̀rọ̀. Bí dátà tán, ó ń sọ̀rọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ kan bá sì ti ilẹ̀kùn, ẹ yí i díẹ̀ sápá kejì. Bí fóònù yín bá ní FM nínú, ẹ ki wáyà etí bọ̀ ọ́ láti fi ṣe ẹ́ríà. Kò ní jẹ dátà rárá.

N kò bá ìmọ̀ tuntun jà o. Inú mi máa ń dùn nígbà tí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá na ọwọ́ sí ojú ọ̀run, tí wọ́n sọ pé ohùn ènìyàn ń kọjá níbẹ̀. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹni tí ó bá ra irú rédíò yìí kò tíì ra ohùn. Etí ni ó rà. Ẹni tí ó ni ohùn lè gbé ohùn rẹ̀ lọ nígbà tí ó bá wù ú, tàbí nígbà tí gbèsè bá lé e. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá tún fi bọ́tìnnì SAT hàn yín, tí ó ní owó díẹ̀ ni yóò ṣí i, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bi í pé: sátẹ́láìtì wo, ní ibo, ta sì ni à ń sanwó fún? Bí ó bá dá yín lóhùn dáadáa, ẹ máa bá a dúnàádúrà. Bí ó bá na ọwọ́ sókè tí ó yí i po, ẹ so owó yín padà sí ìṣẹ́tí aṣọ, kí ẹ lọ fi san owó ilé-ìwé ọmọ.